Nùsírátù àti Oríkì Àwọn Esposito

Láàárín oṣù mẹ́jọ péré, Nùsírátù Abdulsalam ti ta kìnnìún kan ṣoṣo fún ìdílé tó lé ní igba. Kìnnìún náà kò kú, kò sì rù. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, nínú ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n gbé sí àárín gbọ̀ngàn mọ́ọ̀lù kan ní Dubai, láàárín ẹni tó ń ta àpò fóònù àti ẹni tó ń ta lọ́fínńdà. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le. Oníbàárà á dárúkọ ìdílé rẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá orírun orúkọ náà jáde, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwòrán kìnnìún náà sórí bébà tí wọ́n ti sọ di pípọ́n bí ewé gbígbẹ, wọ́n á fi férémù sí i, oníbàárà á sì gbé e lọ sílé lọ fi kọ́ ògiri. Gbogbo ẹni tó bá ti wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, jagunjagun ẹlẹ́ṣin ni baba ńlá rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ níbẹ̀. Kò sí alágbàfọ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn ń sọ, a jẹ́ pé láyé àtijọ́ gbogbo Yúróòpù ló wà lórí ẹṣin, kò sì sí ẹnì kan nílẹ̀ tó ń gbin ohun tí ẹṣin yóò jẹ.

Nùsírátù kò bá kọ̀ǹpútà jiyàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, Agége ni wọ́n bí i sí, ó sì ti rí ohun tó ju irọ́ kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó mú un wá sí ilẹ̀ Lárúbáwá sọ fún un pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń lọ ṣe. Ó rí ọ́fíìsì náà lóòótọ́, nínú ilé-ìwé kan ní Sharjah; ilẹ̀ rẹ̀ ló ń nù fún ọdún kan gbáko. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ilé ìkẹ́rù-sí kan ní Dubai Investments Park, níbi tó ti ń di bisikíìtì sínú páálí ní ìdúró fún wákàtí mọ́kànlá lójúmọ́. Ìsọ̀ orúkọ yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fún un ní àga. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó ya fọ́tò àga náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ni Shajahan, ọkùnrin Íńdíà kan láti Kerala tó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún ní Dubai. Ó ti ta aago, ó ti ta fìlà, ó ti ta bàtà tó ń tan iná nídìí, kó tó wá kan orúkọ. Ó máa ń sọ pé nínú gbogbo ọjà tí òun ti tà, orúkọ nìkan ni kì í bàjẹ́, tí oníbàárà fúnra rẹ̀ sì ń gbé wá láti ilé.

Ṣùgbọ́n ọjà kò rìn mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí à ń wí yìí, Shajahan fi bírò lu orí tábìlì, ó ní, "Nusi, visa rẹ á parí lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Bí ọjà bá gbéra, a tún un ṣe, ọdún méjì. Bí kò bá gbéra, khalas, ó parí, kí o máa lọ sílé."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn ní ọjọ́ Àìkú tí Ọ̀gbẹ́ni Antonio Esposito dé.

Ọkùnrin tó sanra díẹ̀ ni, alábòójútó nílé iṣẹ́ táìlì kan. Melbourne ní Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ítálì, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé àdúgbò Discovery Gardens ní Dubai. Kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àna rẹ̀, ìdílé Moretti, ní férémù kan ní pálọ̀ tó ń sọ pé jagunjagun pàtàkì ni baba ńlá wọn.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ síbẹ̀," ó ní, "abẹ́ férémù yẹn ni wọ́n máa ń fún mi ní àga. Mo fẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, gbogbo wa pátá la máa ní in. Kí ọ̀kan rẹ̀ sì tóbi gan-an, fún àwọn Moretti."

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Shajahan, tó ti ń tòògbé lẹ́yìn pírińtà, jí. Ó ní kí wọ́n bu tíì fún ọ̀gá. Nùsírátù tẹ orúkọ náà, bébà àkọ́kọ́ jáde: jagunjagun ẹlẹ́ṣin, ogun ńlá kan, ọba kan tó fún un ní ilẹ̀, àti kìnnìún tó ń fi ẹsẹ̀ méjì dúró bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò.

Ọ̀gbẹ́ni Esposito kà á tán. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá fọ́tò kan jáde, ó sì gbé e síwájú Nùsírátù. Férémù àwọn Moretti ni. Ogun kan náà. Ọba kan náà. Kìnnìún yẹn náà ló ń já máńgòrò níbẹ̀.

Nùsírátù dá a mọ̀. Òun gan-an ló ta ti àwọn Moretti nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀. Ó sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. "Bóyá ẹbí kan náà ni yín láti ayébáyé, sà."

"Bí ẹbí kan náà bá ni wá," Ọ̀gbẹ́ni Esposito ní, "kí ni ọmọ mi ń wá nílé ọkọ níbẹ̀?"

Shajahan sáré dá sí i, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe, pé tó bá di Ọjọ́bọ̀ wọn yóò ti ní èyí tó péye. Bí oníbàárà ti yíjú padà báyìí, ó sọ ẹ̀tàn tó ní lọ́kàn fún Nùsírátù. "Yọ kìnnìún. Fi ẹyẹ idì sí i. Pa ọba, fi póòpù rọ́pò rẹ̀. Parí."

Nùsírátù mọ̀ pé ìyẹn kò lè ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó bá ti gbá ẹ mú lẹ́ẹ̀kan yóò tún kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọkọ̀ ojú irin metro tó ń gbé e lọ sílé, ó yọ fóònù, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti oṣù mẹ́jọ: ó wádìí orúkọ kan.

Ohun tó rí nípa Esposito kò sí níbi kankan nínú kọ̀ǹpútà Shajahan. Ní Naples, létí òkun Ítálì, ilé ńlá kan wà nígbà àtijọ́ tó jẹ́ ti ìjọ, ihò sì wà lára ògiri rẹ̀. Nínú ihò náà ni àgbá onígi kan wà tó ń yí po. Ìyá tó bá bímọ tí kò lè tọ́ ọ yóò gbé ọmọ náà sínú àgbá lóde, yóò yí i, ọmọ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin tó wà nínú ilé. Ẹnikẹ́ni kò ní rí ojú ìyá náà. Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò ní orúkọ baba, nítorí náà wọ́n ń pè é ní Esposito: ẹni tí a gbé síta. Nígbà tó yá, nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìjọba ní kí wọ́n yé sọ àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ náà ń tú àṣírí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ wọn náà ti bímọ. Títí di òní, òun ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù ní Naples.

Nùsírátù gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tirẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ní Hor Al Anz, níbi tí òun àti obìnrin márùn-ún jọ ń gbé bedspace, ibùsùn kan ẹni kan, nínú yàrá kan, ó bá Magdalene, ọ̀kan nínú wọn, ní kíṣìnì tó ń tẹ ẹ̀bà. Magdalene fi ọdún méje jù ú lọ. Ó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù ní ọjà Deira, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nùsírátù ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìmí.

"Ẹ̀gbọ́n Magda, ẹ ò rí i pé ó dùn? Mo ti rí i. Màá kọ ọ́ bí oríkì."

Magdalene kò gbójú sókè. "Wọ́n ń gbé ọmọ sínú ihò ògiri, ìwọ ní ó dùn. Oríṣiríṣi."

"Ànábì Músá ńkọ́? Ṣé kì í ṣe inú agbọ̀n ni wọ́n gbé òun náà sí?"

"Mósè di wòlíì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí, alábòójútó táìlì ló dà." Magdalene gbé ìkòkò kalẹ̀. "Gbọ́ mi, àbúrò. Oyinbo no dey do oríkì. Irọ́ ni bàbá yẹn wá rà. Bá a di irọ́ ẹ̀ dáadáa, gba visa ẹ, máa wá jẹun."

Ṣùgbọ́n etí Nùsírátù ti di. Inú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ló fa èyí. Láràárọ̀ Jímọ̀ tí ìyá rẹ̀ bá pè é láti Agége, oríkì agbolé wọn ní Ìwó ló máa ń kọ́kọ́ sọ, kó tó béèrè àlàáfíà:

"Àwẹ̀ró, ọmọ olè tó jí ewúrẹ́ lánàá, tó padà wá béèrè okùn rẹ̀ lónìí. Ọmọ a-ságun-má-ju-bàtà-nù. Wọ́n ní ẹ ò lè jà, ẹ ní ta ló fẹ́ kú?"

Kò sí ẹni tó ń bínú sí i nínú ìdílé náà. Orí wọn máa ń wú ni. Baba ńlá wọn jí ewúrẹ́, kò sí iyèméjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojo wo ló ń padà lọ béèrè okùn? Nùsírátù kò rò ó rí láyé rẹ̀ pé ẹnì kan lè gbọ́ orírun ara rẹ̀, kó sì tijú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá fi kí ènìyàn ti di ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀:

"Esposito, ọmọ ẹni tí wọ́n gbé síta tí kò kú. Ọmọ a-gba-inú-ògiri-wọlé. Ìyá rẹ̀ ń sunkún lóde, ẹni ẹlẹ́ni ń da omi wẹ̀ ẹ́ nínú ilé. Ẹni tí kò ní baba kan, tó wá di baba ìlú. Ẹ sọ òkò sọ́jà Naples, ará ilé Esposito ni yóò bà."

Ó sọ fún Shajahan pé iṣẹ́ ti parí. Shajahan kò kà á. Láti ìgbà tó ti ń ta orúkọ, kò ka ọ̀kan rí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Esposito dúró síwájú ìsọ̀, ó ń ka bébà náà, ètè rẹ̀ ń mì. Nùsírátù ń wo orí rẹ̀, ó ń retí pé kó wú. Ojú rẹ̀ ló wú.

"Wọ́n gbé baba mi jù sílẹ̀?"

"Kì í ṣe bàbá yín gan-an, sà. Baba ńlá yín ni, ó ti lé ní igba ọdún."

"Nínú ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ògiri tó dára ni."

"Èyí ni kí n gbé fún àna mi? Kí n jókòó sábẹ́ jagunjagun wọn, kí n sọ pé èmi, inú ihò ni mo ti wá?"

Ó ká bébà náà mẹ́rin, ó rún un sápò bí ẹni tó ń kó ẹ̀rí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì lọ. Ẹni tó ń ta lọ́fínńdà, tó ti na ọrùn bí àgùnfọn, wá ohun kan ṣe.

Shajahan ní kí wọ́n ka ohun tó kọ síbẹ̀ fún òun. Nùsírátù kà á.

"Nusi, mo ní kí o fi ẹyẹ sí i."

"Òótọ́ ni mo fi sí i, sà."

"Ta ló ra òótọ́ ní mọ́ọ̀lù rí?" Kò pariwo, ó dà bíi pé ó ń béèrè lóòótọ́. "Lọ́jọ́ Ajé, mú pásípọ́ọ̀tù rẹ wá, ká lọ fagi lé visa náà."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyá rẹ̀ kí i bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó kan okùn ewúrẹ́, Nùsírátù ní kó jọ̀ọ́, kó sinmi. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó lọ yọ àpótí rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó nu erukuru orí rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Magdalene kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sọ pé "mo sọ fún ẹ". Fún Magdalene, iṣẹ́ àṣekára nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin arúgbó kan dé ìsọ̀ náà. Ó ń ti ọ̀pá, aṣọ dúdú ló wọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Esposito sì ń tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n mú lọ́jọ́ tó sá nílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ni, ó wá láti Melbourne fún ìgbéyàwó. Bébà tí wọ́n ká mẹ́rin yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú àpò ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ ló ti rí i, nígbà tó fẹ́ bá a fọ̀ ọ́.

"Ta ló kọ ọ́?"

Nùsírátù kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó bá ṣe ohun tí ara rẹ̀ mọ̀: ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

"Dìde, o ò jẹ mí ní gbèsè." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bíi búrẹ́dì àná. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kà á ni, mà."

Ìyá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó kà á! Ìwọ, ọmọ ọgọ́ta ọdún, o kò ka nǹkan kan rí àfi bọ́ọ̀lù. Jù sílẹ̀, jù sílẹ̀, ohun tó ń sọ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ju ọmọ nù, ṣé ó ń wá ibi tí wọ́n á ti gbà á wọlé? Ṣé odò kò sí ni?"

"Màámà, jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Esposito ni mò ń jẹ́ kí n tó pàdé bàbá rẹ. Esposito ni bàbá rẹ náà. Mo ti ilé Esposito wọ ilé Esposito."

Nùsírátù fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Mà, ẹ fẹ́ ẹbí yín?"

"Ẹbí kẹ̀? Ìdajì kíláàsì wa ló ń jẹ́ ẹ. Alápatà, Esposito. Wọ́ọ́dà ẹ̀wọ̀n, Esposito. Olè tí wọ́ọ́dà náà ń ṣọ́, Esposito. Bí a bá ní kí a má fẹ́ ara wa, inú òkun la ti máa wá ọkọ." Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na gbogbo ibi tó ká. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó ṣe wà yìí gan-an."

Shajahan ti dìde. Kò tòògbé mọ́.

"Ṣùgbọ́n," ìyá náà ní, "Antonio ní kìnnìún kan wà nígbà àkọ́kọ́. Kìnnìún ńkọ́?"

Nùsírátù wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Irọ́ ni kìnnìún náà, mà. Gbogbo ènìyàn la fi ń fún."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mi ò ya wèrè. Fi sí i. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Ọmọ tí wọ́n gbé síta ní òtútù, ṣé kò yẹ kí nǹkan kan ṣọ́ ọ ni?"

Wọ́n fi kìnnìún sí i. Ní ọjọ́ Ajé, Nùsírátù wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wọn ti ń kan férémù, ó sì kó gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Esposito fúnra rẹ̀ ló wá gbé wọn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó béèrè bóyá wọ́n lè fi nǹkan bí ìka méjì kún èyí tó jẹ́ ti àwọn Moretti.

Bó ti lọ, Shajahan yọ fọ́ọ̀mù visa jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gbé bírò lé e. Inú Nùsírátù ti ń dùn nígbà tó gbọ́ ohun tó kù.

"Láti òní lọ, gbogbo ará Ítálì, ọmọ."

"Ọmọ wo, sà?"

"Ọmọ inú ògiri. Ó ń tà. Khalas, jagunjagun ti kú."

"Sà, kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n gba inú ògiri wọlé. Irọ́ nìyẹn."

"Oṣù mẹ́jọ lo fi ta jagunjagun, o kò bínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó dùn ún, nítorí pé òótọ́ ni. Ó ronú díẹ̀. "Jagunjagun yẹn, kò sí ẹni tó bí i, sà. Ọmọ yìí, ẹnì kan bí i, ó sì sunkún. Mi ò lè máa gbé e káàkiri fún ẹni tí kò ni ín."

Shajahan bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, bí ẹni tó ń ná sìmẹ́ńtì. "Ọmọ mẹ́rin lọ́sẹ̀."

"Rárá, sà."

"Méjì."

"Kò sí ìkankan."

"Ọ̀kan ṣoṣo, lọ́sẹ̀ tí ọjà bá kú. Habibti, ọ̀rẹ́ mi, ronú visa rẹ."

Visa náà gan-an ló ń rò; ọ̀la ni ọjọ́ kọkàndínlógún. "Ẹ jẹ́ kí a ṣe é báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lónìí, màá wá òótọ́ orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá rà á, ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kò sì ní sí ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Bí kò bá rà á, ẹ gba pásípọ́ọ̀tù mi." Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

Ọ̀kan lára àwọn ohun tí ọdún mẹ́rìnlélógún ní Dubai kò lè wò sàn lára Shajahan ni tẹ́tẹ́. Ó gbà.

Wọ́n jókòó ti ara wọn fún wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹbí kan láti Manila kọjá. Ọkùnrin kan dúró, ó béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni bàbá òyìnbó kan tó pá kanlẹ̀ wá fara ti tábìlì, ó ní Rossi ni orúkọ òun, pé kí ni wọ́n ní fún òun. Shajahan ṣẹ́jú sí Nùsírátù, ó fi apá méjèèjì ṣe bí ẹni tó gbé ọmọ. Nùsírátù ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó wá orúkọ náà lójú bàbá náà, ó sì sọ ohun tó rí fún un láìbù láìbọ̀.

"Òun ló wọ́pọ̀ jù ní gbogbo Ítálì, sà. Kì í ṣe orúkọ olówó. Ẹni pupa ló túmọ̀ sí. Ó lè jẹ́ pé irun baba ńlá yín ló pọ́n, àwọn ará àdúgbò sì fi ń pè é."

Shajahan ti na ọwọ́ sí pásípọ́ọ̀tù. Bàbá náà gbọ́wọ́ lé orí rẹ̀ tó ń dán, ó fọwọ́ pa á síwá, ó pa á sẹ́yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ra ọ̀kan. Ó tún padà, ó ní òun ra èkejì fún ẹ̀gbọ́n òun, tí orí tirẹ̀ burú ju tòun lọ.

Ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n ti ń ṣe ìwé visa wà ní òdìkejì títì. Shajahan buwọ́ lu fọ́ọ̀mù níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ra ẹja ní ìlọ́po kan ààbọ̀ iye rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tẹ̀wé béèrè irú iṣẹ́ tí òun máa kọ sí i.

"Olùtajà," Shajahan ní.

"Akéwì," Nùsírátù ní.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wá a, ó yẹ ìlà kan wò sí òmíràn, ó ní kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú èyí tó wà níwájú òun. Nùsírátù ní kò burú, kó kọ olùtajà. Ó kọ ọ́. Ọdún méjì.